Ẹ̀KỌ́ KEJÌLÁ: ERÉ ÌTÀGÉ NI DÍGÍ ÌLÚ

Kí a tó jáde nílé, a máa ń wo dígí. Bí ìdọ̀tí bá wà lójú wa, dígí yóò fi hàn wá, a ó sì nù ún kúrò. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni eré ìtàgé rí fún ìlú.

Ọmọ Òsósà kan

Òsósà kò jìnnà sí Odògbolú. Ìjọba ìbílẹ̀ kan náà ni wọ́n wà. Níbẹ̀ ni a ti bí Hubert Ògúndé ní ọdún 1916. Ó ṣe tíṣà, ó sì ṣe ọlọ́pàá. Ní ọdún 1944, ó ṣe eré kan ní Gbọ̀ngàn Glover ní Èkó, láti fi wá owó kọ́ ilé ìjọsìn. Nígbà tó yá, ó fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀, ó gbájú mọ́ eré ṣíṣe.

Èkó kì í ṣe ìlú ẹ̀yà kan ṣoṣo. Ní ọdún 1945, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba da iṣẹ́ sílẹ̀ káàkiri Nàìjíríà. Yorùbá wà nínú wọn, Ìgbò náà wà níbẹ̀. Michael Imoudu, aṣáájú wọn, ọmọ Ọ̀rà ní ilẹ̀ Ẹdó ni. Ògúndé fi ìyanṣẹ́lódì náà ṣeré. Inú àwọn òyìnbó tó ń ṣèjọba kò dùn sí i. Nígbà tí ó gbé e dé Jos ní ọdún 1946, wọ́n fòfin dè é.

Ní oṣù November 1949, ọlọ́pàá yìnbọn pa àwọn awakùsà èédú 21 ní Enugu. Ní ọdún 1950, Ògúndé fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, Enugu sì jìnnà sí Ìjẹ̀bú, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ẹkún ò lédè.

Kò bo àṣìṣe àwọn ará ilé rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ní ọdún 1964, ó ṣe eré Yorùbá Ronú. Ó fi bá àwọn Yorùbá wí nítorí ìjà àárín wọn. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fòfin dè é, ó sì di ọdún 1966 kí òfin náà tó kúrò. Òfin náà kò dé Èkó. Ta ló gbé ẹgbẹ́ òṣèré náà ró? Kì í ṣe ìjọba. Owó tí àwọn òǹwòran ń san ni.

Ìlú wa lónìí

Kì í ṣe Ìjẹ̀bú nìkan ló ń gbé Odògbolú. Àwọn ọmọ láti ìpínlẹ̀ púpọ̀ ló ń kàwé ní Federal Government College tó wà níbí. Bí àwọn ọ̀dọ́ bá ń ṣeré nípa ìlú wa, ó yẹ kí gbogbo wa rí ara wa níbẹ̀. Bí Haúsá inú eré kò bá ju mégáàdì lọ, tí Ìgbò inú eré sì ń jẹ́ olójúkòkòrò nígbà gbogbo, dígí náà ti wọ́. Aládùúgbò wa kò ní padà wá wòran mọ́. Ẹ pe òun náà kó wá ṣeré.

Ẹnì kan lè wí pé, "Eré lásán! Kí ni mo fẹ́ sanwó sí?" Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Gbọ̀ngàn, iná, aṣọ, ọkọ̀, owó ni gbogbo rẹ̀. Bí ènìyàn 80 bá san ₦1,000 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, ₦80,000 ni. Bí 20 nínú wọn bá yọ́ wọlé, ₦60,000 ló kù. Bóyá owó iná ni èyí tó dín yẹn. Bí iná kò bá sí, eré parí.

Ẹni tí kò lówó lè yá wọn ní àga tàbí aṣọ. Ó lè polówó eré náà lọ́jà, ní ṣọ́ọ̀ṣì àti ní mọ́ṣáláṣí. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Ọ̀rọ̀ tuntun

Òǹwòran: ẹni tó wá wo eré.
Ìyanṣẹ́lódì: kí òṣìṣẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ẹ̀tọ́ wọn.
Awakùsà: ẹni tó ń wa nǹkan inú ilẹ̀.

Ìbéèrè

1. Níbo ni a ti bí Ògúndé?
2. Kí ló ṣẹlẹ̀ ní Enugu ní ọdún 1949?
3. Bí ènìyàn 50 bá san ₦1,000 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, èló ni?
4. Àwọn wo ló ń gbé àdúgbò yín tí ẹ kò tíì rí nínú eré rí? Ẹ kọ orúkọ ẹ̀yà wọn sílẹ̀.