Ẹ Má Jẹ́ Kí Diapo Sáré Ju Ẹnu Ògbufọ̀ Lọ

Ọ̀rọ̀ tòní kan gbogbo wa, ṣùgbọ́n ó kan àwọn relais communautaire àti àwọn akọ̀wé ẹgbẹ́ jù, àwọn tí wọ́n máa ń gbé kọ̀ǹpútà àti projecteur wá sínú kíláàsì tàbí sábẹ́ igi láti fi àwòrán kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́. Àwòrán kọ̀ọ̀kan tó ń hàn lára aṣọ funfun yẹn ni wọ́n ń pè ní diapo. Ìgbà wo ló yẹ kí diapo kan kúrò kí òmíràn tó dé? Ta ló yẹ kó pàṣẹ fún un? Ohun tí a fẹ́ wò nìyẹn.

Mo wà níbi ìpàdé àwọn ìyá ọlọ́mọ kan lọ́nà Adjarra. Wọ́n ń kọ́ wọn bí a ṣe ń po omi ṣúgà oníyọ̀ fún ọmọ tó ń ya ìgbẹ́ gbuuru. Ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà ti pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà pé kó máa yí diapo padà fúnra rẹ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá 8. Olùkọ́ sọ ti ṣúgà ní Yorùbá, ògbufọ̀ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ láti sọ ọ́ ní Ẹ̀gùn. Kó tó dé ibi "ṣíbí mẹ́fà", àwòrán iyọ̀ ti yọ. Ìyá kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi yíjú sí ẹnìkejì rẹ̀, ó ní: "Iyọ̀ ṣíbí mẹ́fà ni wọ́n wí." Ẹ ò lè dá a lẹ́bi. Iyọ̀ ló wà lójú rẹ̀ nígbà tí mẹ́fà dé etí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká tún un sọ dáadáa, kí ẹnikẹ́ni má baà gbé àṣìṣe lọ sílé: omi mímọ́ lítà 1, ṣúgà ṣíbí tíì 6 tí a gé orí rẹ̀ dọ́gba, iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì. Ìdajì péré o. Bí iyọ̀ bá pọ̀ jù, ara ọmọ á túbọ̀ gbẹ, gìrì sì lè gbé e. Bí ẹ bá rí àpò SRO gbà ní ilé ìwòsàn, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ lò, pẹ̀lú ìwọ̀n omi tí wọ́n kọ sára rẹ̀, kí ẹ sì bèèrè zinc pẹ̀lú. Ọmọ tí ojú rẹ̀ bá jìn wọnú, tí kò lè mu nǹkan, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́gán.

Ó dáa, ká padà sídìí kọ̀ǹpútà. PowerPoint tí ọ̀pọ̀ ń lò ti wà láti ọdún 1987. Èrò ọ́fíìsì ni wọ́n ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ṣe é, wọn ò ro ti abẹ́ igi máńgòrò, wọn ò sì ro ti ògbufọ̀. Àwa la máa bá a ro ó.

Ẹ ṣí iṣẹ́ yín. Lókè, ẹ tẹ ibi tí wọ́n kọ "Transitions" sí. Lápá ọ̀tún, ẹ ó rí "Manuellement" àti "Après". Bí àmì bá wà ní "Après", aago ló ń darí yín: bí àkókò tí a kọ síbẹ̀ bá ti pé, diapo á lọ, yálà ẹ parí ọ̀rọ̀ tàbí ẹ ò parí. Bí àmì bá wà nínú méjèèjì, èyí tó bá kọ́kọ́ dé nínú ọwọ́ yín àti aago ló máa ṣiṣẹ́. Nítorí náà, ẹ yọ àmì kúrò ní "Après", ẹ fi sílẹ̀ ní "Manuellement", kí ẹ wá tẹ "Appliquer partout". Títẹ ìkẹyìn yìí ni àwọn èèyàn máa ń gbàgbé. Diapo kìíní á gbọ́ràn, ẹ̀kẹta á sá lọ.

Bó bá jẹ́ pé iṣẹ́ ẹlòmíràn ni, tí ẹ ò fẹ́ tú u ká, ẹ lọ sí "Diaporama", kí ẹ yọ àmì kúrò ní "Utiliser le minutage". Ó parí. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo LibreOffice, èyí tí a kì í sanwó fún, "Transition" wà níbẹ̀ náà, ẹ sì lè ní kó máa dúró de ọwọ́ yín.

Ẹ gbọ́ èyí tí mo fẹ́ràn jù. Nígbà tí àwòrán bá wà lára aṣọ, ẹ tẹ àmì point. Aṣọ á dúdú. Bí ẹ bá tún un tẹ̀, diapo kan náà á padà wá. Lórí kọ̀ǹpútà Faransé tiwa, ẹ ní láti di Maj mú kí point tó jáde. Kí ni a fẹ́ fi dúdú ṣe? Ojú gbogbo èèyàn á kúrò lára aṣọ, á padà sọ́dọ̀ ẹni tó mú ṣíbí àti ìgò dání. Ìgbà yẹn ni kí ìyá kan bọ́ síwájú, kó po omi náà lójú gbogbo yín. Bó bá jẹ́ alẹ́, kí àtùpà wà nítòsí o, torí òkùnkùn á ṣú lójijì, àwọn ọmọdé á sì fi ariwo bo ibẹ̀.

Bí ẹnìkan bá bèèrè nǹkan nípa diapo kẹrin nígbà tí ẹ ti dé ìkọkànlá, ẹ tẹ 4, ẹ tẹ Entrée, ẹ ti dé ibẹ̀. Kò sídìí láti máa sọ fún àgbàlagbà pé kó dúró di ìparí.

Ní Bangladesh, láàárín 1980 sí 1990, àjọ BRAC rán àwọn obìnrin láti ilé dé ilé láti kọ́ àwọn ìyá bí a ṣe ń po irú omi yìí. Ilé tí wọ́n dé lé ní mílíọ̀nù 12. Wọn ò gbé projecteur kankan. Ìka mẹ́ta ni wọ́n fi ń bu iyọ̀, ìyá fúnra rẹ̀ ló sì ń pò ó. Lẹ́yìn náà, ẹlòmíràn á lọ bi díẹ̀ nínú àwọn ìyá náà ní ohun tí wọ́n rántí, èyí ni wọ́n sì fi ń ṣírò owó olùkọ́. Ẹ fojú inú wò ó bí a bá ń san owó fún àwa náà báyẹn! Ta ló máa jẹ́ kí diapo sáré?

Ti ọjà ńkọ́? Ká ní ẹ fẹ́ fi ìṣirò epo pupa han àwọn ìyá. Bídọ́ọ̀nù lítà 25 jẹ́ 20,000 F, owó ọkọ̀ 500 F. Èló ni lítà kan dúró lé? Bí ìdáhùn bá ti wà lára aṣọ pẹ̀lú ìbéèrè, kò sẹ́ni tó máa ṣírò. Ẹ lọ sí "Animations", ẹ mú ìdáhùn náà, kí ẹ ní kó yọ "Au clic". Ẹ wá dákẹ́. Àwọn ìyá ọjà Ouando mọ ìṣirò jù wá lọ, ẹ sáà fún wọn láyè. Bí ẹnìkan bá ti pe 820 F, ẹ tẹ̀ ẹ́ kó yọ. Bí wọ́n bá ń ta lítà ní 900 F, èrè 80 F lórí lítà kan, 2,000 F lórí bídọ́ọ̀nù. Diapo tó ní iye owó gbọ́dọ̀ pẹ́ ju èyí tó ní àwòrán nìkan.

Láti mọ bó ṣe máa pẹ́ tó, ẹ dánra wò nílé pẹ̀lú ògbufọ̀ yín. "Vérification du minutage" wà ní "Diaporama", á máa ka àkókò bí ẹ ṣe ń sọ̀rọ̀. Bó bá bi yín níparí bóyá kó tọ́jú àkókò náà, ẹ dáhùn "Non", àìjẹ́bẹ́ẹ̀ aago tí a lé jáde á gba ẹ̀yìn wọlé. Bí diapo kan bá gba ìṣẹ́jú 3, ogójì diapo á gba wákàtí 2. Lọ́jọ́ ọjà! Ẹ dín in kù.

Mi ò ní kí ẹ má lo aago rárá. Bí ilé ìwòsàn bá fẹ́ kí àwòrán máa yí lára ògiri níbi tí àwọn aláboyún ti ń dúró, tí kò sí olùkọ́ níbẹ̀, aago dára. Kó lọ́ra ṣá, kí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ sì kéré.

Iṣẹ́ ẹgbẹ́ fún ọ̀sẹ̀ yìí: ẹ mú diapo mẹ́ta, kí ẹnìkan sọ ọ́ ní Yorùbá, kí ẹnìkan túmọ̀ rẹ̀ sí Ẹ̀gùn, kí ẹlòmíràn fi fóònù ka àkókò. Kí ẹ bi ẹni tó dàgbà jù láàárín yín ní ohun tó gbọ́. Ẹ kọ méjèèjì sínú ìwé ẹgbẹ́, a máa kà á lórí afẹ́fẹ́. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ọ̀rọ̀ kòkòrò inú àgbàdo ni.