Ọ̀dà Ẹlẹ́búlẹ́bú àti Ọ̀dà Àìlẹ̀mọ́: Iṣẹ́ Wọn Kò Papọ̀

Ẹni tí ó bá gba Òkè-Odò kọjá lójú ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta yóò rí géètì àti fèrèsé alumíníọ̀mù tí àwọ̀ wọn ń dán. Bí ó bá yà sí ọjà Ilé-Epo, yóò tún rí páànù ìdáná tí inú rẹ̀ dúdú, tí ó sì ń yọ̀. Inú ààrò ni a ti yan ọ̀dà àwọn méjèèjì mọ́ wọn lára, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn kò papọ̀ rárá. Ẹni tí ó bá fi ọ̀kan rọ́pò èkejì yóò pàdánù owó. Ó sì lè pa ara rẹ̀ lára.

Ọ̀dà ẹlẹ́búlẹ́bú, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní pọ́dà kótìn, kò ní omi nínú. A ó kọ́kọ́ fọ irin náà títí ọ̀rá àti ìpẹtà yóò fi kúrò. Lẹ́yìn èyí, ìbọn tí ó ní agbára iná mànàmáná yóò fọ́n lẹ́búlẹ́bú náà jáde. Nítorí pé a ti fi wáyà so irin náà mọ́ ilẹ̀, lẹ́búlẹ́bú yóò fà mọ́ ọn lára yíká. A ó gbé e sínú ààrò tí ó gbóná tó ìwọ̀n 180 sí 200 ti Celsius fún bí ìṣẹ́jú 10 sí 20. Níbẹ̀ ni lẹ́búlẹ́bú yóò ti yọ́, tí yóò sì gan di awọ líle kan tí kò jẹ́ kí òjò àti oòrùn tètè ba irin jẹ́.

Ohun tí a fi ń ṣe èyí tí ó gbajúmọ̀ jù nínú ọ̀dà àìlẹ̀mọ́ ni PTFE. Roy Plunkett, ará Amẹ́ríkà, ni ó ṣe alábàápàdé rẹ̀ ní ọdún 1938. Ní ọdún 1954, Marc Grégoire, ará Faransé, rí ọ̀nà láti fi í kun páànù. Ṣùgbọ́n ohun tí kò lẹ̀ mọ́ nǹkan, báwo ni yóò ṣe lẹ̀ mọ́ páànù? Ìdí nìyí tí àwọn oníṣẹ́ fi ń há ojú páànù náà kí ó lè di ọ̀dà mú. Ooru ààrò tirẹ̀ pọ̀ ju ti ìṣáájú lọ púpọ̀, nítorí pé PTFE kì í yọ́ títí yóò fi dé ìwọ̀n 327.

Ẹ jẹ́ kí a fi oníbúrẹ́dì ṣe àpẹẹrẹ. Bí ó bá fi ọ̀dà ẹlẹ́búlẹ́bú ti géètì kun páànù búrẹ́dì, ooru ojoojúmọ́ yóò sọ ọ́ di aláwọ̀ mìíràn, yóò sì sán. A kò sì pò ó fún ohun tí ń kan oúnjẹ. Bí ajórin bá sì fi ọ̀dà àìlẹ̀mọ́ kun géètì, owó gọbọi ni yóò ná sórí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí kọ́kọ́rọ́ lásán lè há.

Ẹni tí ó ní páànù àìlẹ̀mọ́ kò gbọdọ̀ gbé e lófìfo ka iná líle. PTFE lè fara da ooru tó ìwọ̀n 260. Bí ó bá kọjá 350, èéfín rẹ̀ a máa pa ẹyẹ inú ilé, a sì máa fa àìsàn bí ibà fún ènìyàn. Ṣíbí igi ni kí a fi rò ó, kì í ṣe ti irin. PFOA, èròjà kan tí a ń lò tẹ́lẹ̀ láti ṣe PTFE, ni a fi sí àkójọ ohun tí a ó fòpin sí lábẹ́ Àdéhùn Stockholm ní ọdún 2019. Nàìjíríà sì wà nínú àdéhùn náà.

Nítorí náà, kí owó tó kúrò lọ́wọ́, kí olúkúlùkù bi oníṣẹ́ léèrè irú ọ̀dà tí ó fẹ́ lò àti ìwọ̀n ooru tí ó lè gbà. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.