Èròjà Kan Náà, Ìyára Ló Yàtọ̀: Ohun Tí Iná Lésà Ń Ṣe sí Ojú Magnẹ́síọ̀mù

Ẹ yọ́ epo pupa díẹ̀, kí ẹ pín in sí abọ́ méjì. Ẹ ti ọ̀kan bọ inú fíríìsà, kí ẹ fi èkejì sílẹ̀ lórí tábìlì lóru ọyẹ́. Èyí tó rọra dì á ní hóró. Èyí tó yára dì á jọ̀lọ̀. Epo kan náà ni o! Bí irin ṣe ń ṣe náà nìyẹn.

Magnẹ́síọ̀mù fúyẹ́ gan-an: sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́ta kan rẹ̀ kò ju gíráàmù 1.74 lọ, ti irin lásán sì tó nǹkan bíi 7.8. Àléébù rẹ̀ ni pé omi iyọ̀ tètè máa ń jẹ ẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wo àdàpọ̀ tí wọ́n ń pè ní AZ91. Nínú gíráàmù 100 rẹ̀, bíi 9 jẹ́ alumíníọ̀mù, bíi 1 jẹ́ sínkì, ìyókù jẹ́ magnẹ́síọ̀mù. Tó bá rọra dì, alumíníọ̀mù á kóra jọ sí ààlà àárín àwọn hóró, á di Mg17Al12. Lábẹ́ máíkrósíkóòpù, ẹ lè rí i bí àwọ̀n. Tí omi iyọ̀ bá kàn án, Mg17Al12 àti magnẹ́síọ̀mù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á di bátìrì kékeré. Magnẹ́síọ̀mù ló máa ń jìyà rẹ̀.

Lésà wá dé. Iná yìí á sáré kọjá, á yọ́ ojú irin nìkan, èyí tí kì í sábà nípọn tó mìlímítà kan. Wọ́n á máa fẹ́ gáàsì ágọ́ọ̀nù sí i kó má baà gbiná. Ìsàlẹ̀ irin tó ṣì tutù á fa ooru náà, ojú tó yọ́ á sì dì kí ẹ tó ṣẹ́jú. Hóró ò ráyè dàgbà, àwọ̀n yẹn á já wẹ́wẹ́, alumíníọ̀mù púpọ̀ á sì há sínú magnẹ́síọ̀mù fúnra rẹ̀. Ojú irin á le sí i. Lọ́pọ̀ ìgbà, omi ò ní tètè jẹ ẹ́ mọ́. Àmọ́ tí agbára lésà bá pọ̀ jù, magnẹ́síọ̀mù á hó, ihò àti sísán á dé.

Kí ló kàn wá? Ní Ara tí mò ń gbé, lẹ́bàá Ẹdẹ, ta ni ò mọ ẹni tí ọ̀kadà ti ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ rí? Irin tí wọ́n fi de egungun, wọ́n lè ní láti tún iṣẹ́ abẹ ṣe kí wọ́n tó yọ ọ́, owó míì nìyẹn. Skúrù magnẹ́síọ̀mù máa ń yòrò nínú ara ni. Ilé-iṣẹ́ Syntellix ti Jámánì gba àṣẹ láti ta irú rẹ̀ ní Yúróòpù ní 2013. Ṣùgbọ́n tí irú skúrù bẹ́ẹ̀ bá yára yòrò jù, egungun lè má tíì so pọ̀, gáàsì háídírójìn á sì kóra jọ sínú ara. Lésà wà lára ohun táwọn olùwádìí ń dán wò láti dín ìyára yẹn kù.

Nítorí náà, tí wọ́n bá fi irin kan hàn yín, ẹ má kàn béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ béèrè bó ṣe yára dì tó.