Ẹ̀kọ́ Kejìlá: Àpò Ni Wọ́n Gé, Wọn Kò Gé Ọ̀rá

A kò ní fi àsìkò ṣòfò lórí ohun tí ẹ ti mọ̀. Ẹ mọ ohun tí ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà ń fi ojú ẹni tó sanra rí. Ẹ sì ti gbọ́ pé iṣẹ́ abẹ kan wà tí wọ́n fi ń dín ikùn kù. Wọ́n ń ṣe é ní Èkó àti Àbújá, wọ́n sì ń ṣe é ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ọ̀pọ̀ nínú yín ti ní ọmọ tàbí àbúrò. Ẹ̀yìn iṣẹ́ abẹ ni ẹ̀kọ́ tiwa ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ẹni tí wọ́n ṣe é fún gun orí ìwọ̀n, tí ìwọ̀n kò sì yí.

Ọdún mẹ́ta tẹ̀léra ni mo ti ń ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí ní kíláàsì ìrọ̀lẹ́, ibì kan náà la sì máa ń ṣì í gbọ́. Ìyá kan tó ń ta ẹ̀fọ́ sọ fún wa pé àbúrò òun obìnrin ṣe iṣẹ́ abẹ náà ní Lọ́ńdọ̀nù, oṣù mẹ́jọ ti kọjá, ó ṣì tóbi. Kíláàsì pín sí méjì. Àwọn kan ní wọ́n lu ọmọ náà ní jìbìtì. Àwọn yòókù ní ọwọ́ ayé ni. Bàbá télọ̀ tó máa ń jókòó lẹ́yìn wá dá tirẹ̀ sọ: "Wọn kò gé ọ̀rá náà tán ni. Kó padà lọ kí wọ́n gé ìyókù." Gbogbo kíláàsì ní òótọ́ ni.

Kì í ṣe òótọ́. Ẹ ka gbólóhùn yìí sókè, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé yín lẹ́ẹ̀mẹta: Àpò ni wọ́n gé, wọn kò gé ọ̀rá.

Ẹ ti rí ṣàkí lọ́wọ́ alápatà. Inú rẹ̀ ni koríko tí màlúù jẹ kọ́kọ́ máa ń wọ̀. Ènìyàn náà ní àpò oúnjẹ tirẹ̀, tí ó lè gba lítà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bí a bá jẹ àjẹyó. Oríṣi iṣẹ́ abẹ méjì ló wọ́pọ̀ jù. Nínú èkíní, oníṣẹ́ abẹ yóò gé nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún àpò náà dànù, èyí tó kù á wá rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́. Apá tí wọ́n gé dànù yẹn ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú họ́mọ̀nù kan tí ń ránṣẹ́ sí ọpọlọ pé ebi ń pa wá, ìdí nìyẹn tí ebi fi máa ń dín kù fún ẹni náà ní ìbẹ̀rẹ̀. Nínú èkejì, wọ́n á ya apá kékeré kan sọ́tọ̀ lókè àpò náà, tí kò ju ẹyin adìẹ lọ, wọ́n á sì so ìfun mọ́ ọn kí oúnjẹ lè gba ọ̀nà àbùjá kọjá. Dókítà Edward Mason ló bẹ̀rẹ̀ irú èkejì yìí ní Yunifásítì Iowa, ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1966.

Ṣé ẹ rí i? Nínú méjèèjì, ọ̀bẹ kò kan ọ̀rá. Ọ̀rá tó wà ní ìdí, ní ikùn, ní apá àti ní itan, gbogbo rẹ̀ ló bá ẹni náà jáde ní ọsibítù padà sílé. Iṣẹ́ fífa ọ̀rá wà o, ṣùgbọ́n iṣẹ́ mìíràn ni, a kò sọ ti ìyẹn níbí.

Báwo wá ni ọ̀rá yóò ṣe lọ? Àwọn àgbẹ̀ inú yín ni kó gbọ́ èyí. Àgbẹ̀ kì í ṣí àká àgbàdo rẹ̀ níwọ̀n ìgbà tó bá ń rí oúnjẹ kó wọlé láti ọjà. Ọjọ́ tí ọ̀nà ọjà bá bàjẹ́ ni yóò ṣí i. Ọ̀rá ni àká ara. Iṣẹ́ abẹ kò jó àká náà, ọ̀nà ọjà ni ó sọ di tóóró. Ara á wá máa bu inú àká jẹ díẹ̀díẹ̀, lójoojúmọ́, fún oṣù 12 sí 18, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tóóró kì í ṣe ọ̀nà tí a tì pa. Bí ènìyàn bá ń gba ọ̀nà tóóró yẹn kó oúnjẹ wọlé ní kékeré ní kékeré, láti òwúrọ̀ títí di òru, kí ló fẹ́ mú ara ṣí àká?

Mo tún un sọ. Oúnjẹ tí àpò lè gbà lẹ́ẹ̀kan ni iṣẹ́ abẹ dín kù. Kò bá wa ka iye ìgbà tí ọwọ́ ń lọ sẹ́nu.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ìwọ̀n a máa já wálẹ̀ wìì, inú ilé á dùn. Nígbà tó bá di bí ọ̀sẹ̀ kẹta, á dúró gbagidi, ẹni náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Omi ló fà á. Ara ní ṣúgà tó fi pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀ àti iṣan, gíráàmù kan rẹ̀ sì máa ń di omi tó bíi gíráàmù mẹ́ta mú. Bí oúnjẹ bá dín kù lójijì, ara á ná ṣúgà yẹn, omi á bá a jáde. Nígbà tó bá yá, ara á dá díẹ̀ padà síbẹ̀, omi á sì tẹ̀lé e wọlé. Ọ̀rá ń lọ, omi ń bọ̀, ìwọ̀n kò mọ ìyàtọ̀ wọn. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni kí ẹ gùn ún, ní ọjọ́ kan náà, kí ẹ tó fi nǹkan kan ẹnu, kí ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú déètì. Ẹni tó ń gun ìwọ̀n láàárọ̀ àti lálẹ́ ń wá ìbànújẹ́ kiri ni.

Ẹ mú pẹ́ńsù. Obìnrin kan wọn kílò 130 kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Iṣẹ́ abẹ ọ̀nà àbùjá sábà máa ń mú bíi kílò 25 sí 30 kúrò nínú kílò 100. Ẹ jẹ́ ká fi 25 ṣírò. Kílò 32 àbọ̀ ló lọ, kílò 97 àbọ̀ ló kù. Ẹ tún wo 97 yẹn. Ẹni tó bá pàdé obìnrin yìí ní òde ìnáwó á ní obìnrin sísanra kan kọjá. Kò mọ̀ pé ó ti sọ ohun tó ju ààbọ̀ àpò sìmẹ́ńtì lọ kalẹ̀. Nígbà tí ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ wa pe àbúrò rẹ̀ tó sì bi í dáadáa, a gbọ́ pé kílò 24 ti lọ. Láti oṣù mẹ́jọ, gbogbo ẹbí ń wo èyí tó kù, ẹnikẹ́ni kò béèrè èyí tó ti lọ.

Díẹ̀ lára rẹ̀ tún lè padà. Ní Sweden, bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1987, àwọn oníṣègùn tẹ̀lé nǹkan bí ẹgbẹ̀rún méjì ènìyàn tí wọ́n ṣe irú iṣẹ́ abẹ báyìí fún. Ìwọ̀n wọn wálẹ̀ jù láàárín ọdún kìíní sí ìkejì, lẹ́yìn náà ó gòkè díẹ̀. Nígbà tó pé ọdún mẹ́wàá, àwọn tí wọ́n ṣe ọ̀nà àbùjá fún ṣì fi nǹkan bíi 25 nínú ọgọ́rùn-ún fúyẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn tó kú nínú gbogbo àwọn tó ṣe iṣẹ́ abẹ sì kéré sí àwọn tó kú nínú àwọn tó sanra bíi tiwọn tí kò ṣe é. Pé díẹ̀ padà kò yẹ kó yà wá lẹ́nu. Ọ̀kadà kì í jẹ epo bíi tírélà. Bí ara bá ti kéré sí i, oúnjẹ tó ń ná lójúmọ́ á dín kù, oúnjẹ tí kò pọ̀ fún un lánàá lè wá pọ̀ jù fún un lónìí.

Ibi tó le fún àwa gan-an ni ìdí àwo. Ilé ni wọ́n ti kọ́ wa pé ọmọ tó bá kọ́kọ́ jẹ ẹran, wọ̀bìà ni. Ọ̀kèlè la fi ń bẹ̀rẹ̀, ẹran la fi ń parí rẹ̀. Fún ẹni tí wọ́n gé àpò rẹ̀, ẹ yí i padà. Ẹran, ẹja, ẹyin tàbí ẹ̀wà ni kó kọ́kọ́ wọlé, kí ẹ̀fọ́ tẹ̀lé e, kí ọ̀kèlè kẹ́yìn bí àyè bá kù. Àwọn onímọ̀ oúnjẹ máa ń fẹ́ kó rí gíráàmù 60 sí 80 èròjà amáradàgbà jẹ lójúmọ́, ẹyin kan kò sì ju bíi gíráàmù 6 lọ. Bí iyán bá ti gba gbogbo àyè, níbo ni ẹja fẹ́ wà? Ẹ jẹ́ kó ṣe wọ̀bìà nínú ilé yín. Èmi tíṣà ni mo sọ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀kèlè tún ní ẹjọ́ tirẹ̀: a kì í rún un, gbígbé mì ni. Ẹni tí àpò rẹ̀ kéré gbọ́dọ̀ rún oúnjẹ títí á fi dà bí ẹ̀kọ mímu, kó fi ogún ìṣẹ́jú sí ọgbọ̀n jẹ ohun tó kún àwo ọmọdé. Bó bá jẹun tán, kó dúró bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kó tó mu omi.

Ohun tó ń ṣe ọ̀pọ̀ wọn lọ́ṣẹ́ jù ni ohun tí ń yọ̀ kọjá: málítì, jíúsì, áísìkirimù, ẹ̀kọ mímu onímílíìkì àti ṣúgà, bisikíìtì tí a rì sínú tíì. Àpò kékeré kò lè dá wọn dúró. Bó bá jẹ́ ẹran líle ni, ẹ̀ẹ̀mẹta tó bá bù ú ṣán ó ti yó. Ṣùgbọ́n bisikíìtì inú tíì, ó lè jẹ páálí kan tán láàárín wákàtí méjì láìsí ibi tó ti dí. Lẹ́yìn náà ni yóò sọ fún dókítà pé, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, mi ò tíì jẹun láti àárọ̀." Kò purọ́, Yorùbá ló sọ. Lẹ́nu tiwa, oúnjẹ ni ohun tí a bu sínú àwo. Ìpanu kì í ṣe oúnjẹ. A lè jẹ ẹ̀pà, kókoró àti súyà láti Mọ́ńdè dé Fúráídeè ká sì máa búra pé a kò jẹun. Ara kò gbọ́ èdè yẹn. Ohunkóhun tó bá ti gba ọ̀nà ọ̀fun kọjá, ara á kà á.

Ìdí nìyí tí mo fi ní kí gbogbo wa kọ́ láti ka ara agolo. Ẹ yí agolo málítì padà kí ẹ wá ibi tí wọ́n kọ ṣúgà sí. Ká ní gíráàmù 10 ni wọ́n kọ fún mílílítà 100. Agolo náà gba mílílítà 330. Gíráàmù 33 nìyẹn. Kóró ṣúgà onígun kan tó bíi gíráàmù 4. Ẹ pín 33 sí ọ̀nà 4: kóró mẹ́jọ ó lé díẹ̀. Ta ni nínú yín tó lè jókòó jẹ kóró ṣúgà mẹ́jọ lójú àlejò?

Ó ku ẹni tó ń ṣe gbogbo èyí tí ìwọ̀n rẹ̀ kò sì tún lọ sílẹ̀. Àwọn oògùn kan ń mú ènìyàn sanra, àwọn àìsàn kan náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, àpò tí wọ́n gé sì lè fẹ̀ díẹ̀ padà. Dókítà ló lè wá ìdí rẹ̀, abẹ́rẹ́ tí ń dín ebi kù sì ti wà báyìí tí wọ́n lè fi ràn án lọ́wọ́. Kí ó má lọ ra tíì tí wọ́n ní ó ń fọ ikùn. Omi àti ìgbẹ́ ni tíì yẹn ń kó jáde, ọ̀rá kò sí níbẹ̀. Kó jìnnà sí páragà, nítorí lẹ́yìn irú iṣẹ́ abẹ yìí ọtí a máa tètè gun orí. Ẹni tí wọ́n ṣe ọ̀nà àbùjá fún kò sì gbọdọ̀ dá ra ibuprofen lò, ó lè dá ọgbẹ́ sí i nínú. Fítámì ni kó má fi ṣeré rárá, títí láé.

Ẹ jẹ́ kí n bá àwọn ẹbí wí díẹ̀. Ẹ̀yin lẹ ń kó ìrẹsì àti mọ́ínmọ́ín síwájú rẹ̀ níbi ìnáwó, tí ẹ ń ní "jẹ díẹ̀ torí tèmi." Ẹ̀yin náà lẹ tún ń pè é ní ọ̀rọ̀bọ̀ bó bá yí ẹ̀yìn padà. Ọ̀kan ni kí ẹ mú. Ẹni tó bá sì fẹ́ sanwó irú iṣẹ́ abẹ yìí nílé níbí, kó ka owó àyẹ̀wò ọdọọdún àti ti fítámì mọ́ owó iṣẹ́ abẹ kó tó bẹ̀rẹ̀, kó sì béèrè lọ́wọ́ wọn: "Ta ni yóò máa rí mi lẹ́yìn ọdún kan?" Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó kéré tán ọdún méjì ni ọsibítù fi gbọ́dọ̀ máa tẹ̀lé ẹni náà, kí ó tó di pé dókítà àdúgbò ń yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún. Ẹ má fi káàdì tí wọ́n kọ ọjọ́ àyẹ̀wò yín sí ṣeré. Ọjọ́ tí wọ́n bá dá, ẹ lọ, ì báà jẹ́ pé ẹ ti sanra padà tí ojú ń tì yín. Ọjọ́ náà gan-an ló yẹ kí ẹ lọ.

Bàbá télọ̀ ti yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Ìbéèrè tó béèrè lọ́sẹ̀ tó kọjá dára: ó ní bí wọ́n bá dín àpò ṣòkòtò kù, ṣé kì í ṣe pé oníṣòkòtò á kàn máa ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ léraléra ni?

Iṣẹ́ àṣetiléwá. Ẹ mú agolo tàbí páálí kan tí ẹ ti jẹ tán wá. Ẹ fa ìlà sí àárín ojú ìwé kan: àkókò lápá òsì, ohun tó wọ ẹnu lápá ọ̀tún. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí ẹ jí, títí ẹ ó fi sùn. Ìpanu wà nínú rẹ̀.