Kí Ọjà Ọmọ Yín Má Baà Di Ẹjọ́ Nílé-Ìwé

Kí ọmọ yín tó kó ọjà kankan sínú báàgì lọ sílé-ìwé, ẹ wá ìwé òfin tí wọ́n fún yín lọ́jọ́ tí ẹ mú un wọlé, kí ẹ kà á. Ọ̀pọ̀ òbí kàn ń fọwọ́ sí i ni. Abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà ní ìpínlẹ̀ Ògùn ni Ìtẹ̀lé, àdúgbò wa, wà, ṣùgbọ́n Ayọ̀bọ̀ ti ìpínlẹ̀ Èkó ò jìnnà, ọmọ inú ilé kan náà sì lè máa kàwé ní ìpínlẹ̀ méjì. Ohun tí wọ́n gbà láyè lọ́hùn-ún lè jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ níhìn-ín. Bí ìwé náà ò bá mẹ́nu ba ọjà rárá, ẹ má gbà pé àyè ti wà nìyẹn. Ẹ bi tíṣà kíláàsì.

Ẹ ṣàlàyé ìdí òfin náà fọ́mọ, kó má baà rò pé wọ́n kórìíra òun. Bí ọmọ mẹ́rin bá jẹ ṣinṣin tí ẹnì kan dì sínú ọ̀rá nílé, tí inú wá ń run wọ́n, ọ̀gá ilé-ìwé ni àwọn òbí máa lọ ká mọ́. Àwọn ìyá tó ń ta oúnjẹ nínú ọgbà ilé-ìwé náà ń sanwó àyè, wọn ò sì ní dákẹ́ bí ọmọ bá ń gba oníbàárà wọn.

Àwìn ló ń dá ìjà sílẹ̀ jù. Ẹ jókòó ti ọmọ náà, kí ẹ jọ ṣírò rẹ̀. Ká ní ó ra bíírọ̀ méjìlá ní ₦1,800, ó ń tà á ní ₦200. ₦150 ló ra ọ̀kọ̀ọ̀kan, ₦50 sì ni èrè orí rẹ̀. Bó bá tà á tán, ó jèrè ₦600. Ṣùgbọ́n bí ọmọ mẹ́ta péré bá gbé ẹyọ kọ̀ọ̀kan láwìn tí wọn ò san, ₦600 náà ti lọ. Ojú owó nìkan ló kù sí i lọ́wọ́, pẹ̀lú orúkọ ajigbèsè mẹ́ta tó kọ sẹ́yìn ìwé ìṣirò rẹ̀. Òfin ò sì ní bá a gbà á: Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 sọ pé àdéhùn tí ọmọdé bá ṣe láti san owó ọjà tí wọ́n tà fún un kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, àfi bó bá jẹ́ ohun kòṣeémánìí. Owó lọ́wọ́, ọjà lọ́wọ́ ni kó máa tà.

Òfin kan náà ló ní kí ẹnikẹ́ni má lo ọmọdé láti kiri ọjà ní òpópónà. Nítorí náà, bí ilé-ìwé bá ní kó má tà, ẹ má wá gbé igbá lé e lórí lọ sí títì Sàngó-Ọ̀tà.

Àyè mìíràn wà. Láti ọdún 2011 ni iṣẹ́ ọwọ́ àti òwò ṣíṣe ti wọ inú ẹ̀kọ́ ilé-ìwé gírámà àgbà ní Nàìjíríà. Ètò Junior Achievement, tó dé Nàìjíríà lọ́dún 1999, máa ń jẹ́ kí àwọn ọmọ dá ilé iṣẹ́ kékeré sílẹ̀: wọ́n á yan ọ̀gá, wọ́n á ta ìpín ìdókòwò, wọ́n á ṣe ọjà, wọ́n á sì ṣírò owó níkẹyìn. Ẹ béèrè bóyá irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ wà. Bí kò bá sí, kí ọmọ fúnra rẹ̀ kọ lẹ́tà sí ọ̀gá ilé-ìwé. Kó sọ ohun tó fẹ́ tà, pé lẹ́yìn ìjáde ni, pé òun ò ní ta oúnjẹ, òun ò ní tajà àwìn, àti orúkọ tíṣà tó máa mójú tó o. Bíírọ̀, sókìsì àti rìbọ́nù rọrùn láti gbà fún un ju dátà lọ, torí ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ò fẹ́ rí fóònù lọ́wọ́ ọmọ.

Mo fẹ́ sọ èyí fáwọn tíṣà náà: ẹni tó ń ta bọ́ọ̀nsì fọ́mọ kíláàsì rẹ̀ ò lè fi gbogbo ẹnu bá ọmọ wí. Bó bá jẹ́ òfin, kó kan gbogbo wa.

Bí ọ̀gá ilé-ìwé bá kọ̀ láti gba ohun tí ọmọ béèrè nínú lẹ́tà rẹ̀, kí ọmọ ta ọjà náà fáwọn aládùúgbò lọ́jọ́ Sátidé, tàbí kó dirun nígbà ọlidé, lójú yín.

Bí wọ́n bá sì ti gbẹ́sẹ̀ lé ọjà, ẹ má fi ìbínú lọ. Ẹ jẹ́ kí ọmọ ka iye tó kù sínú báàgì àti iye tí wọ́n gbà, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ wá lọ tọrọ àforíjì, kí ẹ béèrè ọjọ́ tí wọ́n máa dá a padà. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ bi í léèrè ibi tó ti rówó ra ọjà. Bó bá jẹ́ owó lẹ́sìnnì tàbí owó ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló fi rà á, ẹ bá a dá owó náà padà kílẹ̀ tó mọ́.