Ẹ̀kọ́ Bíbélì: Mánásè Nínú Ẹ̀wọ̀n

Ibi kíkà: 2 Kíróníkà 33:1–25

Orí tí a ó kà ní ọjọ́ Ìsinmi tí ń bọ̀ kì í ṣe èyí tí a sábà máa ń gbọ́ lórí àga ìwàásù. Bí a bá dárúkọ Mánásè, ọmọ Jósẹ́fù ni ó máa ń wá sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn. Ọba Júdà tí ó ń jẹ́ orúkọ náà ni a fẹ́ gbé yẹ̀wò.

Ọmọ ọdún 12 ni nígbà tí ó gorí ìtẹ́, ó sì jọba fún ọdún 55. Kò sí ọba Júdà mìíràn tí ó pẹ́ tó o. Hesekáyà ni bàbá rẹ̀, ẹni tí ó wó àwọn ibi gíga òrìṣà lulẹ̀. Gbogbo ohun tí bàbá wó ni ọmọ tún kọ́. Ó tẹ́ pẹpẹ fún Báálì, ó ń bọ ogun ọ̀run, ó ń tọ àwọn oṣó àti abókùúsọ̀rọ̀ lọ, ó mú kí àwọn ọmọ ara rẹ̀ kọjá nínú iná ní àfonífojì ọmọ Hínómù, ó sì gbé ère kalẹ̀ sínú ilé Ọlọ́run gan-an. Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe àìmọ̀. Ilé olùfọkànsìn ni a ti bí i. Olúwa bá a sọ̀rọ̀, kò gbọ́. Nígbà náà ni àwọn balógun Ásíríà dé, wọ́n fi ìwọ̀ mú un, wọ́n dè é ní ẹ̀wọ̀n, wọ́n sì mú un lọ sí Bábílónì. (Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ìwé ṣi orúkọ ìlú kọ, abẹ́ ọba Ásíríà ni Bábílónì wà nígbà náà. Orúkọ Mánásè pàápàá wà nínú àkọsílẹ̀ Esarhaddon ọba Ásíríà, láàrin àwọn ọba 22 tí ó pàṣẹ fún láti kó igi àti òkúta ìkọ́lé ránṣẹ́ sí Nínéfè.)

Níbẹ̀, ní ilẹ̀ àlejò, ni ọba yìí ti rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ gidigidi, tí ó sì gbàdúrà. Ọlọ́run gbọ́, ó sì mú un padà sí Jerúsálẹ́mù.

Ọ̀pọ̀ a máa yára sọ pé ìyà ni ó kọ́ Mánásè lọ́gbọ́n. Àwa kò rò bẹ́ẹ̀. Ẹ padà sí orí 28, kí ẹ ka ìtàn Áhásì, bàbá bàbá rẹ̀. Ìyà jẹ òun náà. Àwọn ará Síríà ṣẹ́gun rẹ̀, Ísírẹ́lì pa àwọn ènìyàn rẹ̀, ọba Ásíríà tí ó bẹ̀ fún ìrànlọ́wọ́ gba ọrọ̀ rẹ̀, kò sì ràn án lọ́wọ́. Kí ni Áhásì ṣe? Ó ní òrìṣà Dámásíkù ni ó ran àwọn tí ó ṣẹ́gun òun lọ́wọ́, nítorí náà òun yóò rúbọ sí wọn. Ó sì ti ilẹ̀kùn ilé Olúwa pa. Ìdílé kan náà, ìpọ́njú tí ó jọra. Ọ̀kan burú sí i, ọ̀kan yí padà.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá ní Òkè Ọya níbí tí a ti ń ṣiṣẹ́ òòjọ́. Bí ìsọ̀ bá jóná, tàbí tí wọ́n dá ènìyàn dúró lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ọ̀nà Áhásì ni ẹlòmíràn kọ́kọ́ ń tọ̀. A ó wo ẹni tí ọjà tirẹ̀ ń tà, a ó béèrè ohun tí ó lò. Wọ́n á ní bàbá kan wà ní ìlú báyìí-báyìí, kí a kàn wá owó ọkọ̀. Kí a tó padà dé, gbèsè ti gorí òfò. Ìyà a máa gba ohun tí a gbára lé kúrò lọ́wọ́ wa. Ẹni tí a ó nawọ́ sí lẹ́yìn náà, ìyà kò lè bá wa yàn án.

Ẹ jẹ́ kí a sọ èyí pẹ̀lú, nítorí a ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ará kan níbi tí a ti lọ bá ọlọ́fọ̀ kẹ́dùn: kì í ṣe gbogbo ẹni tí ìyà ń jẹ ni ó dẹ́ṣẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù sọ bẹ́ẹ̀, Ọlọ́run sì bínú sí wọn. Jésù tìkára rẹ̀ kọ̀ ọ́ nípa ọkùnrin tí a bí ní afọ́jú. Ẹni tí ó sin ọmọ rẹ̀ lánàá kò nílò ìtàn Mánásè. Ẹni tí yóò jókòó tì í ni ó ń wá. Ẹni tí ó mọ ohun tí òun fi ọwọ́ ara òun ṣe ni ẹ̀kọ́ yìí wà fún.

Nígbà tí Mánásè dé ilé, ó gbé ère náà jáde kúrò nínú ilé Olúwa, ó kó àwọn pẹpẹ tí ó ti tẹ́, ó dà wọ́n sẹ́yìn ìlú. Ó tún pẹpẹ Olúwa ṣe. Ó mọ odi sí ẹ̀yìn ìlú Dáfídì, ó sì mú kí ó ga. Kò fi mọ sórí omijé. Oníṣòwò tí ó ti lu ìdí kóńgò wọnú yóò lọ ra kóńgò mìíràn. Akọ̀wé tí fáìlì kì í di rírí lọ́wọ́ rẹ̀ láìsí àbẹ̀tẹ́lẹ̀ yóò wá a jáde lọ́fẹ̀ẹ́. Ọkọ tí ó ti gbàgbé ìyàwó àti ọmọ sílé yóò fi owó oúnjẹ ránṣẹ́ sí wọn.

Ohun líle kan wà nínú ìtàn yìí tí a kò ní fi pamọ́. Àwọn ènìyàn ṣì ń rúbọ ní ibi gíga, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé sí Olúwa ni. Ámónì ọmọ rẹ̀ jọba ọdún 2 péré, àwọn ère tí bàbá rẹ̀ ṣe ni ó sì ń bọ. Òun kò rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀, àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀ sì pa á nínú ilé rẹ̀. Ìwé Àwọn Ọba Kejì kò tilẹ̀ mẹ́nu kan ìrònúpìwàdà Mánásè. Ẹ̀jẹ̀ aláìṣẹ̀ tí ó ta sílẹ̀ ni ó kà sí i lọ́rùn nígbà tí Júdà ń ṣubú. Ìdáríjì dé, ṣùgbọ́n àwọn òkú kò jí.

Níbo wá ni ìrètí wà? Lẹ́yìn ìgbèkùn Bábílónì ni a kọ ìwé Kíróníkà, fún àwọn tí bàbá wọn ti gbé nínú ìdè ní ilẹ̀ náà. Wọ́n gbọ́ pé láti ibẹ̀ gan-an ni Ọlọ́run ti gbọ́ ohùn ọba tí ó burú jù lọ. Ohun mìíràn tún wà. Bí a bá ṣírò àwọn ọdún wọn, ọmọ nǹkan bí ọdún 6 ni Jòsáyà nígbà tí Mánásè kú. Bíbélì kò sọ ohun tí ó rí lára bàbá àgbà náà. Ṣùgbọ́n a lè rò ó pé, nígbà tí ó ń dàgbà, arúgbó tí ó ti ẹ̀wọ̀n bọ̀ ni ó mọ̀. Ọmọ yìí náà ni ó wá wó àwọn ibi gíga lulẹ̀.

Kí kíláàsì àwọn àgbà ka orí 28:16–25 mọ́ orí 33 kí wọ́n tó wá. Ìbéèrè méjì ni a ó jọ dáhùn: Kí ni ó fà á tí Áhásì àti Mánásè kò fi ṣe bákan náà? Kí ni bàbá tí ó ti ronú pìwà dà lè ṣe fún ọmọ tí ó ti kọ́ ìwà rẹ̀ àtijọ́? Ẹni tí kò bá ní Bíbélì Yorùbá kí ó rí akọ̀wé ìjọ lẹ́yìn ìsìn.