Dídá Gun Kẹ̀kẹ́ La Erékùṣù Hebrides Já: Ohun Tó Yẹ Kí Ẹ Mọ̀

Ẹni tó bá fẹ́ dá fi kẹ̀kẹ́ rìn jìnnà fún ìgbà àkọ́kọ́, tó sì fẹ́ máa sùn sínú àgọ́ lójú ọ̀nà, Hebridean Way ni mo máa ń júwe fún un. Àwọn erékùṣù ìwọ̀-oòrùn Scotland ló gbà kọjá. Máìlì 185 ni, ìyẹn nǹkan bíi kìlómítà 297, láti Vatersay ní gúúsù títí dé ìdí ilé iná àwọn atukọ̀ ní Butt of Lewis. Erékùṣù 10 lẹ ó fẹsẹ̀ tẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n fi òkúta kún lórí òkun ló so ọ̀pọ̀ wọn pọ̀. Ibi méjì péré lẹ ó ti wọ ọkọ̀ ojú omi láàárín wọn. Ọjọ́ 5 tàbí 6 tó ẹni tí kò kánjú. Agbára ẹsẹ̀ kọ́ ni wàhálà ibẹ̀. Atẹ́gùn, ọjọ́ Àìkú àti àkókò ọkọ̀ ojú omi ni ká rò dáadáa ká tó kúrò nílé.

Rélùwéè láti Glasgow Queen Street dé Oban gba bíi wákàtí mẹ́ta. Ẹ gba àyè kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lú tíkẹ́ẹ̀tì. Láti Oban, ọkọ̀ ojú omi ilé-iṣẹ́ CalMac á gbé yín lọ sí Castlebay ní Barra, wákàtí márùn-ún ó dín díẹ̀. Kẹ̀kẹ́ kì í sanwó nínú ọkọ̀ CalMac. Ìjì lè dá ọkọ̀ dúró nígbàkigbà, torí náà ẹ fi ọjọ́ kan lé iye ọjọ́ tí ẹ kà sílẹ̀. Bí ẹ bá ń lọ wọ ọkọ̀ ojú omi ní Ardmhor, ní Barra kan náà, láti kọjá sí erékùṣù tó kàn, ẹ yà sí etíkun tó wà nítòsí: orí iyanrìn ni ọkọ̀ òfuurufú ń bà sí níbẹ̀ nígbà tí omi òkun bá fà sẹ́yìn.

Láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn ni atẹ́gùn sábà máa ń fẹ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ti gúúsù lọ sí àríwá. Ní erékùṣù Uist méjèèjì (South àti North) àti Benbecula, ilẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, igi ṣọ̀wọ́n, kò sóhun tó máa gbà yín sílẹ̀. Òfin Scotland ti ọdún 2003 fún yín láyè láti pàgọ́ sórí ilẹ̀ tí wọn kò fi ṣọ́gbìn, bí ẹ bá jìnnà sílé àwọn èèyàn, tí ẹ kò pẹ́ ju alẹ́ méjì sí mẹ́ta lọ lójú kan, tí ẹ sì kó ìdọ̀tí yín lọ. Wọ́n ń da ẹran lórí pápá etíkun tí wọ́n ń pè ní machair. Bí ẹ bá rí onílẹ̀ kan nítòsí, ẹ bi í kí ẹ tó tú ẹrù. Ẹ̀yìn gegele iyanrìn tàbí ògiri òkúta àtijọ́ ló dáa jù. Ẹ tẹ́ àgọ́ sílẹ̀, ẹ kúnlẹ̀ lé e, ẹ kọ́kọ́ kan èèkàn ìhà tí atẹ́gùn ti ń bọ̀ kí ẹ tó gbé òpó dìde. Kí ẹnu ọ̀nà kẹ̀yìn sí atẹ́gùn. Èèkàn kúkúrú tó bá àgọ́ wá kì í di iyanrìn mú. Ẹ ra gígùn, kí ẹ fi òkúta tẹ̀ ẹ́ lórí.

Bí atẹ́gùn bá wá dákẹ́ lálẹ́, ẹ má tíì yọ̀. Kantíkantí ń bọ̀ nìyẹn. Láti oṣù karùn-ún sí ìkẹsàn-án ni tiwọn. Wọn kì í gbé ibà wá, àmọ́ wọ́n lè lé àgbàlagbà wọ àgọ́ tòun ti bàtà ẹlẹ́rẹ̀. Ẹ ra àwọ̀n ìborí. Eégbọn náà wà nínú koríko, ẹ máa yẹ ẹsẹ̀ wò.

Kátólíìkì ló pọ̀ ní Barra títí dé South Uist. Láti North Uist lọ sókè, Presbyterian ló nilẹ̀, wọn ò sì fi ọjọ́ Olúwa ṣeré. Ọdún 2006 ni ọkọ̀ ojú omi ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ná Harris lọ́jọ́ Àìkú. Ti Stornoway sí Ullapool di 2009. Ilé ìtajà Tesco ní Stornoway pàápàá, oṣù kọkànlá ọdún 2024 ló tó ṣílẹ̀kùn lọ́jọ́ náà. Bí Sátidé bá bá yín ní Harris, ẹ ra oúnjẹ tó máa gbé yín dé Mọ́ńdè. Àwọn àgbà ibẹ̀ kì í sá aṣọ lọ́jọ́ Àìkú. Ẹ má fi tiyín kọ́ iwájú ilé wọn. Ẹni tí wọ́n tọ́ nílé bàbá ìjọ á tètè mọ̀ ọ́n.

Oúnjẹ wà ní ilé ìtajà Co-op ní Castlebay, Daliburgh, Creagorry àti Sollas, àmọ́ wọ́n jìnnà síra. Ẹ ó rí àpótí lẹ́bàá ọ̀nà, ẹyin tàbí kéèkì nínú rẹ̀, kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ ọ. Ẹ fi owó sínú ike, ẹ mú tiyín, bí wọ́n ṣe máa ń ra ọjà tí olówó rẹ̀ fi òkúta ka iye lé lórí lójú ọ̀nà oko nílé wa. Ẹ kó owó ẹyọ dání. Ẹ má sì fi gàrì àti kúlíkúlí sílẹ̀: kò fẹ́ iná, omi tútù ti tó o.

Harris ni òkè wà. Ọ̀nà tó gba ẹ̀gbẹ́ òkè Clisham jáde láti Tarbert á mú yín sọ̀ kalẹ̀ ti kẹ̀kẹ́, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Irin tí wọ́n tò sójú ọ̀nà nítorí àgùntàn máa ń yọ̀ bí òjò bá rọ̀: ẹ gbà á ṣánṣán, ẹ má yí ọwọ́ kẹ̀kẹ́.

Ẹ̀yin nìkan ni, nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì ń já. Ẹ fi ọ̀rọ̀ “register” ránṣẹ́ sí 999 lórí fóònù kí ẹ tó lọ, kí ẹ lè fi àtẹ̀jíṣẹ́ pe ìrànlọ́wọ́ níbi tí ìpè kò bá ti wọlé. Ẹ kó tíúùbù méjì, pọ́ńbù àti ṣéènì dání.

Láti Butt of Lewis, ẹ ṣì máa gun kẹ̀kẹ́ tó nǹkan bí ọgbọ̀n máìlì padà sí Stornoway kí ẹ tó wọ ọkọ̀ lọ Ullapool. Kò sí rélùwéè ní Ullapool, bọ́ọ̀sì kì í sì í gba kẹ̀kẹ́ púpọ̀. Kí ẹ ti gba àyè sílẹ̀ kí ẹ tó kúrò nílé.